Ààwẹ̀ Tí Ẹ Gbà Nítorí Mojísọ́lá

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe kó dùn. Ẹni tó ń tẹ fóònù níwájú yẹn, ẹ bá mi gbé e sílẹ̀ ná, torí fóònù ló kó mi sí wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí. Halelúyà! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí èmi àti ọkọ mi wà nínú ilé ìjọsìn kan náà láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ mọ̀ pé ìyẹn nìkan tó ọpẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ fara balẹ̀, mi ò ní pẹ́. Pásítọ̀ ti ń wo aago, mo rí wọn.

Ìyá Tómi ni mí. Ibí náà l'Òkè-Aró là ń gbé. Tíṣà ni mí ní súkúù aládàáni kan l'Ágbàdo, àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ni mò ń kọ́. Ọmọ mẹ́ta ni Olúwa fún wa: Tómi tó ń kọrin nínú kúáyà àwọn ọmọdé, Ayọ̀ tí àwọn tíṣà Sunday School mọ̀ dáadáa, kí Ọlọ́run bá wa dá sí i, àti èyí tó wà lẹ́yìn mi yìí. Iṣẹ́ iná ni Bàbá Tómi ń ṣe, òun ló ń wáyà ilé. Gbogbo ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Mowé àti Ìbafò, ibẹ̀ ló máa ń wà láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè. Èmi àti ẹ̀ jọ dàgbà ní àdúgbò kan náà ni, torí náà kí ẹ̀yin ìyá má bínú bí ẹ bá gbọ́ tí mò ń pè é ní "ó". Ẹnu mi ti bá a bẹ́ẹ̀ kó tó di ọkọ mi.

Ohun tí ẹ ò mọ̀ nípa mi ni pé mò ń kọ ìwé. Kì í ṣe ìwé ìròyìn, kì í ṣe ìwé àdúrà. Ìwé ìtàn àròsọ ni. Ìtàn náà dá lórí obìnrin kan tó ń jẹ́ Mojísọ́lá, tí ọkọ ẹ̀ lé jáde nílé nígbà òjò. Kò sí ilé iṣẹ́ kankan tó fẹ́ bá mi tẹ̀ ẹ́, mo sì ti wo ọ̀nà wọn títí. Mo wá ní ó dáa, màá tẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Èmi ni mo kọ ọ́, èmi ni mo wá àṣìṣe inú ẹ̀, èmi ni mo lọ bá atẹ̀wé ní Ìbafò, èmi náà ni mo yan àwọ̀ tí èèpo ẹ̀ máa ní.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tàn yín o. Ẹni tó bímọ mẹ́ta, tó ń ti kíláàsì bọ́ sí lesson, tó ń ti lesson bọ́ sídìí ìkòkò, kò sí ìgbà tó máa jókòó ti tábìlì bí òǹkọ̀wé inú fíìmù. Ìgbà tí Mojísọ́lá bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gan-an ni ọmọ máa yàgbẹ́. Ìgbà tí mo bá sì ti nu ọmọ tán, Mojísọ́lá á ti gbẹ́nu dákẹ́. Ó ká mi lára títí. Nígbà tó yá, mo rí ọgbọ́n ta sí i. Mo máa ń sọ ìwé náà sínú fóònù ni. Bí mo bá ti ń ti Àgbàdo bọ̀, tí ọ̀kadà bá já mi sílẹ̀ nísàlẹ̀ òkè wa, màá gbé fóònù sẹ́nu, màá máa sọ ohun tí Mojísọ́lá ń sọ, bí ẹni pé èmi ni mo jẹ́ ẹ. Tí mo bá ti sọ ọ́ tán, màá fi voice note náà ránṣẹ́ sí Bàbá Tómi lórí Wásáàpù, kó má baà sọnù. Tó bá di Sátidé, màá jókòó, màá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Ó wá di ọjọ́ Tọ́sìdè kan. Ọmọ wà lẹ́yìn mi, ó ń ké. Báàgì tó kún fún ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi wà léjìká. Òkè wa yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ti wá kí wa mọ̀ ọ́n, òjò ti họ ọ́, èèyàn á mí bí ẹṣin kó tó dé orí ẹ̀. Ibi tí mo dé nínú ìwé lọ́jọ́ náà sì ni ibi tó burú jù. Mo gbé fóònù sẹ́nu. Mo ní, "Ọkọ mi ti da ẹrù mi síta. Ó ní ilé òun kì í ṣe ilé mi mọ́. Gbogbo àdúgbò ló ń wò mí. Ara ọmọ mi ń gbóná, mi ò sì mọ ibi tí mo máa gbé e lọ. Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará." Mo ń mí gúlegúle, ọmọ ń ké lẹ́yìn. Mo tẹ ẹ́, ó lọ. Kí n tó délé, bátìrì fóònù ti kú. Iná kò sì sí. Ilé oníṣẹ́ iná kò ní iná, ẹ ò rí i bí ayé ṣe rí?

Kì í ṣe Bàbá Tómi ni mo fi í ránṣẹ́ sí. Orúkọ tó wà lókè tiẹ̀ ni ìka mi bà, grúùpù Àwọn Ìyá Alágbàwí.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ dúró ná.

Lọ́jọ́ kejì ní súkúù, mo ki fóònù bọ iná ní ọ́fíìsì ọ̀gá wa. Bó ṣe tàn báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì, ó ń rìn lọ fúnra ẹ̀. Màmá Díkónì, olórí grúùpù náà, ti kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Àwọn ìyá ti ń dá sí i láti òru. Ẹnì kan ti ní kí iná Ọlọ́run jó obìnrin àjèjì tó gba ọkọ mi, bẹ́ẹ̀ mi ò dárúkọ obìnrin kankan. Ẹlòmíì ti ní kí n má padà síbẹ̀, kí n kó àwọn ọmọ wá sí ilé òun l'Akute, yàrá kan ṣófo. Omi bọ́ lójú mi, kí n má parọ́. Ìfẹ́ tí ẹ fi hàn sí mi lọ́jọ́ náà, kí Olúwa má jẹ́ kó tán láàrin wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí.

Mo yára kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, àlàáfíà ni mo wà. Ìtàn ni. Ìwé ni mò ń kọ." Kò pẹ́, Màmá Díkónì pè mí. Màmá, mo kúnlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Obìnrin tó mọ iyì ilé ọkọ ni ẹ́."

Mo ní, "Màmá, lóòótọ́ ni. Ìwé ni."

Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́. Ìwé ni. Ṣé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ níbẹ̀? Má dáhùn. Tó bá wà níbẹ̀, ṣáà wúkọ́."

Ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, inú súkúù ni mo wà, eruku ṣọ́ọ̀kì kún gbogbo ara mi. Mo wúkọ́.

Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yìn mí tó. Ẹ mọ̀ bí a ṣe tọ́ àwa obìnrin: a kì í tú àṣírí ọkọ ẹni síta. Torí náà, obìnrin tó bá ń sọ pé ọkọ òun ò ṣe nǹkan kan, àṣírí ẹ̀ ló ń bò yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin wa wá là á sílẹ̀ fún mi kedere lẹ́yìn bíbélì kíkọ́. Ó ní, "Ìyá Tómi, ìwọ náà rò ó wò. Iṣẹ́ tíṣà, ọmọ mẹ́ta, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà wo lo ráyè kọ ìwé?"

Ìdáhùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi láti sọ.

Ìdáhùn náà ni Bàbá Tómi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, òun ló sọ fún mi pé kí n gba Sátidé. Tó bá ti di Sátidé, á ti géètì pa, á fi àgádágodo sí i láti inú, á ní kí n wọ yàrá. Òun ló ń fọ aṣọ, tèmi, tiẹ̀, ti àwọn ọmọ. Òun ló ń se ọbẹ̀ tí a máa jẹ títí di Túsìdè. Òun ló ń wẹ ọmọ. Òun ló ń di irun Tómi. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùkú tí ẹ máa ń yìn tí ẹ máa ń béèrè ilé onídìrí wa, inú ilé ni onídìrí náà ń gbé, ó sì ní irùngbọ̀n. Ọmọ onídìrí ni ọkọ mi. Ìyá ẹ̀ ń dirun l'Ífọ̀ di òní, ẹ̀yìn ìyá ẹ̀ ló ti ń wò ó láti kékeré.

Òfin kan ṣoṣo ló fún mi: ọ̀rọ̀ náà ò gbọdọ̀ kọjá géètì. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí àwọn ọkùnrin ṣe máa ń ṣe. Níbi iṣẹ́ ẹ̀ ní Mowé, bíríkìlà kan wà tó gbé omi fún ìyàwó ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Títí di àkókò yìí, wọn ò pè é lórúkọ ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ìyàwó ti fún un ní nǹkan jẹ. Bàbá Tómi ní wọn ò ní rí òun fi ṣe irú ẹ̀.

Èmi náà ò rò pé ó le tó bẹ́ẹ̀ àfìgbà tí ọ̀rọ̀ Mojísọ́lá ṣẹlẹ̀. Alàgbà wa, ọkọ Màmá Díkónì, tí í ṣe alága ẹgbẹ́ ọkùnrin, pe Bàbá Tómi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ní kó fi iṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó lọ tún ilé ẹ̀ ṣe. Ó béèrè ohun tó bàjẹ́ nílé òun. Wọ́n ní, "Ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

Ó dé, ó jókòó sórí àga, kò bọ́ bàtà. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ bá wọn lọ́jọ́ náà, kí n sọ gbogbo ẹ̀: aṣọ fífọ̀, ọbẹ̀, irun. Ó ní rárá. Mo ní ṣé kí wọ́n wá máa rò pé ó ń nà mí ló dáa? Ohun tó sọ, ó dùn mí, mi ò lè gbàgbé ẹ̀.

Ó ní, "Kí wọ́n kúkú máa pè mí ní ìkà. Ìkà ṣì jẹ́ ọkùnrin."

Inú bí mi. Mo pariwo mọ́ ọn, tó jẹ́ pé tí ẹ bá gbọ́ ohùn mi lọ́jọ́ náà, ẹ̀ bá mọ ẹni tó ń lé ẹnì kejì nínú ilé yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, tí èmi àtàwọn ọmọ múra tán, tí ó jókòó nínú síńgílẹ́ẹ̀tì tó ní kí a máa lọ, inú mi ò bí mọ́. Àánú ẹ̀ ló ṣe mí. Ọkùnrin tó jẹ́ pé òun ló máa ń jí gbogbo wa fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá, òmíràn tún kọjá, kò wá. Lọ́jọ́ kan tí a ń lọ sílé, Tómi dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Mọ́mì, àwọn ọmọ Sunday School ní Dádì ń nà yín. Ṣé nígbà tí mo bá sùn ni?"

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé orúkọ ọkọ mi ti ń bàjẹ́ lójú ọmọ ẹ̀. Mo pe atẹ̀wé ní Ìbafò, mo ní kó dá iṣẹ́ dúró, mi ò tẹ̀wé mọ́. Kí Mojísọ́lá máa lọ. Ta ni Mojísọ́lá? Èmi ni mo dá a, mo sì lè pa á rẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ibi iṣẹ́ Bàbá Tómi ni ilé ìtẹ̀wé náà wà, atẹ̀wé sì sọ fún un. Ó wọlé tìbínú tìbínú. Ó ní, "Ta ló ní kó o dá a dúró? Gbogbo aṣọ tí mo fọ̀ yẹn, ṣé kó di asán ni?" Mo ní kí ni kí n wá ṣe? Ó ní kí n tẹ ìwé, kí n má sì sọ nǹkan kan. Mo ní bí mi ò bá sọ nǹkan kan, ta ló máa gbà pé èmi ni mo kọ ọ́? Ó lọ pọnmi. Ó ti géètì kó tó pọn ọ́n.

Àdúrà tí mo gbà, kì í ṣe àdúrà ńlá. Ìdí abọ́ ni mo wà. Mo ní, "Olúwa, mo ti ṣàlàyé títí, ẹnu mi ti bó. Ọkọ mi ò jẹ́ kí n sọ òótọ́, àwọn ìyá mi ò sì gbà á gbọ́ tí mo bá sọ ọ́. Ìwọ bá mi fi hàn wọ́n." Mo ṣàmín, mo ń fọ abọ́ mi lọ.

Ẹ wá wo bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe nǹkan tiẹ̀. Màmá Díkónì, ìfẹ́ yín ò jẹ́ kí ẹ sinmi. Wọ́n wá nọ́ńbà ìyá ọkọ mi rí, wọ́n pè wọ́n l'Ífọ̀. Wọ́n ní kí ìyá wá gba ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ ọmọ wọn. Màmá Ifọ̀ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́ẹ̀mejì. Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti dé Òkè-Aró, wọ́n fi ìborùn gbàjá. Wọ́n pàdé Màmá Díkónì àti arábìnrin méjì mìíràn, gbogbo wọn wá sílé wa láìsọ tẹ́lẹ̀.

Mo ti ní kí atẹ̀wé máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Inú yàrá ni mo wà, mò ń ka ìwé náà fún ìgbà ìkẹyìn kó tó tẹ̀ ẹ́. Mo máa ń kà á sókè ni, kí n lè gbọ́ ibi tó bá wọ́. Ibi tí mo wá dé, ọkọ Mojísọ́lá ló ń sọ̀rọ̀. Mo sì máa ń ṣe é bó ṣe yẹ. Mo ń gbá tábìlì, mo ń pariwo pé, "Kó ẹrù ẹ! Mo ní kó ẹrù ẹ! Jáde nílé mi!"

Géètì wà ní títì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Ayọ̀ gbọ́ ohùn ìyá bàbá ẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó sì ṣí i. Ta ló máa ti Màmá Ifọ̀ mọ́ta? Bí wọ́n ṣe wọlé, ohun tí wọ́n gbọ́ nìyẹn. Màmá Díkónì pariwo, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Wọ́n sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé, wọ́n bọ́ sẹ́yìn, kí wọ́n lè gbà mí sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

Ọkùnrin náà jókòó sórí àpótí nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Orí Tómi wà láàrin orúnkún ẹ̀, òòyà wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹ̀wà ń hó lórí iná. Aṣọ kún orí okùn láti òpó dé òpó, àti ìró mi, àti èyí tí mi ò ní dárúkọ níwájú pẹpẹ.

Wọ́n dúró. Mi ò tíì mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, mo ṣì ń lé Mojísọ́lá lọ nínú yàrá. Màmá Díkónì wo Bàbá Tómi, wọ́n wo fèrèsé tí ariwo ti ń jáde, wọ́n tún wo Bàbá Tómi. Wọ́n ní, "Ta ló wá ń lé ta jáde?"

Tómi ló dá wọn lóhùn láàrin orúnkún bàbá ẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì ni, Màmá. Ẹ káàbọ̀. Wọ́n ń ka ìwé wọn. Ọkọ Mojísọ́lá ni wọ́n ń ṣe lónìí."

Ìgbà yẹn ni mo jáde, ìwé wà lọ́wọ́ mi. Mo rí ojú ọkọ mi. Ó ti mú òòyà kúrò lẹ́nu, ó ti fi í sábẹ́ itan, bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ẹran. Ó wolẹ̀. Ohun tó ń sá fún láti ìgbà yìí wá, ó ti bá a nínú ilé ẹ̀, níwájú ìyá ẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Mo rò ó pé Olúwa, kì í ṣe irú ìfihàn yìí ni mo ní kí o ṣe.

Màmá Ifọ̀ rìn lọ bá a, jẹ́jẹ́. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n wo orí Tómi títí.

Wọ́n ní, "Ìlà àárín yìí wọ́. Gbé òòyà yẹn wá."

Bàbá Tómi fà á yọ lábẹ́ itan, ó dìde, ìyá ẹ̀ jókòó síbi tó ti dìde. Wọ́n tú ọ̀kan, wọ́n tún un là, wọ́n ń dì í, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Bàbá ẹ náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í pa mọ́. Nígbà tí mo bá wà lọ́jà, òun ló ń fọ ìtẹ́dìí ẹ. Á ti ilẹ̀kùn pa, á fọ̀ ọ́ tán, á wá lọ sá a sí gbangba. Ta ló rò pé àwọn èèyàn máa ní ó fọ̀ ọ́, áńgẹ́lì?"

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ bàbá ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ẹ mọ̀ pé gbogbo àdúgbò wọn l'Ífọ̀ ló ń bẹ̀rù wọn. Tí wọ́n bá wúkọ́, ọmọdé ò ní í ṣeré mọ́. Bàbá Tómi ṣáà ń wo ìyá ẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi?" Ìyá ẹ̀ ní, "Bàbá tìẹ náà. Lọ wo ẹ̀wà ẹ, ó ń jóná."

Màmá Díkónì jókòó sórí báfù tí a dojú ẹ̀ délẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ gíláàsì ojú wọn. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n bẹ Bàbá Tómi. Wọn ò fi ṣe eré o, wọ́n bẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n ní àwọn á bẹ Alàgbà náà kó wá bẹ̀ ẹ́. Alàgbà sì wá, ọjọ́ kejì gan-an. Kí wọ́n tó lọ ní Sátidé yẹn, Màmá Díkónì béèrè lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Mojísọ́lá ńkọ́? Ṣé ó padà sílé ọkọ ẹ̀ àbí kò padà?" Mo ní kí wọ́n ra ìwé. Wọ́n ní, "Èmi tí mo gbààwẹ̀ lé e lórí? Ìwọ ọmọ yìí!" Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀wà.

Kí n má gbàgbé. Ààwẹ̀ yẹn kò ṣòfò. Lẹ́yìn tí voice note náà ti tàn kálẹ̀, arábìnrin kan wá bá mi, mi ò ní sọ ibi tó ń gbé. Ó ní òun rò pé òun nìkan ni, ohun tí mo sọ nínú fóònù yẹn, nílé òun ló ti ṣẹlẹ̀. Ó ti wà lọ́dọ̀ àwọn èèyàn ẹ̀ báyìí pẹ̀lú ọmọ ẹ̀, ara wọn le. Ẹ̀ ń gbàdúrà fún ẹni tí kò sí, Ọlọ́run mọ ilé tó yẹ kó fi í ránṣẹ́ sí.

Ìwé ti jáde. Ó wà nínú páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, Pásítọ̀ máa gbàdúrà sí i lẹ́yìn ìsìn. Mo dúpẹ́ fún èyí náà, torí ó pẹ́ tí mo ti ń lá àlá ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo torí ẹ̀ jáde. Láàárọ̀ yìí, mo béèrè lọ́wọ́ Bàbá Tómi pé kí ni kí n sọ. Ó di bẹ́líìtì ẹ̀ tán kó tó dá mi lóhùn. Ó ní, "Sọ gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n fi ti irun sílẹ̀." Kó má bínú. Mo ti dé ìdí irun kí n tó rántí.

Èyí tó kù ni pé mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúpẹ́, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ àwa obìnrin nìkan. Gbogbo ọkùnrin tó wà nínú ilé yìí, tó ń fọ aṣọ, tó ń se oúnjẹ, tó ń wẹ ọmọ, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ dìde fún ògo Ọlọ́run.

Ẹ má wojú ara yín. Ẹ dìde.

Kò sí ẹnì kankan? Nínú gbogbo ìjọ yìí? Ó dáa. Mi ò fipá mú ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run tó...

Ẹ wò ó. Bàbá Tómi ti dìde.

Mi ò bẹ̀ ẹ́ o. Ẹ̀yin náà rí i pé mi ò bẹ̀ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní hańkíṣíìfù. Tómi, wo bàbá ẹ. Wò ó dáadáa.

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Ẹ máa pàtẹ́wọ́, kò pọ̀ jù. Mo rí yín lẹ́yìn yẹn, ẹ ṣé, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín. Ẹ̀yin ọ́ṣà méjèèjì tí ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà náà? Halelúyà!

Háà! Alàgbà!

Màmá Díkónì, ẹ má fà wọ́n láṣọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró, ẹ bá wa yọ̀!